Owó Àánú ní Òṣogbo: Bí Ó Ṣe Ń Dé Ọwọ́ Àwọn Tó Ń Tọ́jú Ènìyàn

Bí ẹgbẹ́ aláàánú kan bá kéde lórí rédíò pé òun fún ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní mílíọ̀nù mẹ́ta náírà, ìbéèrè tí ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ láti Òkè-Fìà dé Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun ni pé àpò ìrẹsì mélòó ni wọ́n rà. Bí wọ́n bá dáhùn pé owó ilé, owó oṣù nọ́ọ̀sì àti owó oògùn ni wọ́n ná an sí, ojú gbogbo ènìyàn á kọ́rẹ́. Àwọn kan á ní wọ́n ti jẹ owó arúgbó. Àwọn mìíràn á béèrè pé kí ló kan owó oṣù nínú iṣẹ́ àánú.

Àwọn tó ń béèrè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ojú wọn ti rí ẹni tó kó owó ọmọ aláìlóbìí jẹ, etí wọn sì ti kún fún ìlérí. Ṣùgbọ́n àṣìlóye kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tó ń ba iṣẹ́ rere jẹ́ nílùú wa, òun ni mo fẹ́ tú palẹ̀ níbí.

Ẹni tó ń kó owó jọ, ẹni tó ń ṣiṣẹ́

Oríṣi ẹgbẹ́ méjì ló ń jẹ́ aláàánú lẹ́nu wa, iṣẹ́ wọn kò sì rí bákan náà.

Ọ̀kan ni ẹgbẹ́ tó ń kó owó jọ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, tó ń wo ibi tí ìṣòro gbé wà, tó sì ń yan ẹni tí yóò gbé owó náà fún. Kò ní ibùsùn aláìsàn, kì í wẹ arúgbó. Rotary àti Lions wà lára wọn. NASFAT tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1995 àti FOMWAN, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Mùsùlùmí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1985, ń ṣe irú rẹ̀ lápá kan. Ìgbìmọ̀ ìrànwọ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà lókè òkun, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà: gbogbo wọn ló ń dáwó jọ kí ẹlòmíràn lè fi ṣiṣẹ́.

Ìkejì ni ilé ìtọ́jú fúnra rẹ̀. Ilé àwọn arúgbó wà níbẹ̀, ilé ọmọ aláìlóbìí náà wà níbẹ̀, títí dé ibi tí wọ́n ti ń fi èdè ọwọ́ kọ́ ọmọ tí kò gbọ́ràn, àti àjọ tó ń tẹ̀ lé obìnrin tí ọkọ rẹ̀ lù dé àgọ́ ọlọ́pàá àti ọsibítù. Àwọn wọ̀nyí ló ń jí lóru. Wọ́n mọ orúkọ ẹni tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n mọ oògùn tó ń lò, wọ́n mọ ọmọ rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn tí kì í gbé fóònù.

Ẹnikẹ́ni lè béèrè pé kí la tún ń fi ẹni àárín ṣe, ṣé kí olówó má kàn lọ gbé owó fún ilé arúgbó ni? Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dára. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ilé tó wà létí títì, tí pátákó rẹ̀ tóbi, ni gbogbo ènìyàn ń rí. Èyí tó wà ní kọ̀rọ̀ ní Òkè-Baálẹ̀ kò rí ẹnikẹ́ni. Gbogbo àwọn ilé náà sì ń kan ilẹ̀kùn àwọn oníṣòwò kan náà, títí ara á fi ni àwọn yẹn.

Irú wàhálà yìí ló wà ní ìlú Denver ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1887. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Frances Wisebart Jacobs àti àwọn olórí ẹ̀sìn, Kristẹni àti Júù pọ̀, fi orí ikorí. Wọ́n pinnu pé kí gbogbo wọn jùmọ̀ máa béèrè owó lọ́wọ́ ará ìlú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n sì pín in fún àjọ 22 gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kálukú ṣe tó. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní United Way lónìí ti ṣẹ̀ wá. Ohun tó wú mi lórí nínú ìtàn yìí ni pé kò sí ẹni tó ní kí ẹnì kejì kọ́kọ́ yí ẹ̀sìn padà. Ní Òṣogbo níbi tí Mùsùlùmí, Kristẹni àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ti ń bá ara wọn gbé inú agboolé kan náà, kò yẹ kí èyí ṣòro fún wa.

Lọ́dún 1914, Frederick Goff, agbẹjọ́rò tó di ọ̀gá báǹkì ní ìlú Cleveland, gba ọ̀nà mìíràn. Ó rí i pé àwọn olówó ń kú, wọ́n ń fi owó sílẹ̀ fún iṣẹ́ kan pàtó, tó bá sì yá, iṣẹ́ náà á kásẹ̀ nílẹ̀, owó á wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ kàn án. Goff ní kí wọ́n kó irú owó bẹ́ẹ̀ sójú kan. Ìpìlẹ̀ owó á wà níbẹ̀ títí, èrè rẹ̀ ni wọn yóò máa ná, ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú ni yóò sì máa yan ibi tí èrè náà yóò lọ bí ìgbà ṣe ń yí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rò pé ọgbọ́n òyìnbó nìkan nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú Goff ni àwọn Mùsùlùmí ti ń ṣe waqf, níbi tí ènìyàn á ti ya ilé tàbí oko sọ́tọ̀, tí kò ní ṣeé tà mọ́, tí èrè rẹ̀ á sì máa lọ sí iṣẹ́ rere. Ṣọ́ọ̀bù kan péré ní Ọjà Ọba, tí ẹni tó ni ín bá fi ṣe waqf, owó ọdọọdún tó bá ń wọlé níbẹ̀ lè máa san owó oògùn àwọn arúgbó lẹ́yìn tí ẹni náà bá ti wọ káà ilẹ̀.

Nílẹ̀ wa níbí, TY Danjuma Foundation tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2009 ń ṣe irú iṣẹ́ ẹni àárín yìí: àwọn àjọ mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ ìlera àti ẹ̀kọ́ ló ń fún lówó.

Owó tí ń gbé ilé ró

Ibí ni gbogbo àríyànjiyàn wà, nítorí náà màá dúró lórí rẹ̀ pẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé ìtọ́jú kan ṣe àpẹẹrẹ. Mo kàn ń ro ó ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí yóò mọ̀ pé ìṣirò náà kò jìn sí òótọ́. Arúgbó mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Bí oúnjẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 1,500 náírà lójúmọ́, 450,000 náírà nìyẹn lóṣù. Nọ́ọ̀sì kan àti olùtọ́jú méjì, tí kálukú ń gba 80,000 náírà, jẹ́ 240,000. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti egbò jẹ́ 90,000. Owó ilé tó jẹ́ 600,000 lọ́dún, bí a bá pín in sí oṣù, 50,000 ni. Omi, iná mànàmáná àti epo jẹnẹrétọ̀ jẹ́ 70,000. Àròpọ̀ rẹ̀ lóṣù jẹ́ 900,000 náírà.

Ẹ wo oúnjẹ nínú rẹ̀. Ìdajì géérégé ni. Ìyẹn ni pé bí gbogbo Òṣogbo bá gbé ìrẹsì, ẹ̀wà, gàrí àti òróró wá títí ilé ìkóǹkansí fi kún, ìdajì ìṣòro ilé náà ṣì wà nílẹ̀ bó ṣe wà. Ìrẹsì kò ṣeé san owó nọ́ọ̀sì. Onílé kì í gba gàrí dípò owó ilé. Ìgbà tí oúnjẹ náà sì ń dé kì í bá àìní mu: nígbà Ràmàdáánì àti Kérésìmesì, àpò ìrẹsì á dúró bí òkè, eku á máa dá a lu, bó bá di oṣù kẹjọ ọdún, kò sí ẹni tó rántí. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n jẹ ní owó oṣù mẹ́ta á wá iṣẹ́ lọ sí ọsibítù aládàáni. Ẹni tó mọ ìtàn àìsàn arúgbó mẹ́wàá ti lọ nìyẹn. Oúnjẹ wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa fi síbí bù ú sẹ́nu ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti rọ.

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ aláàánú bá gbé mílíọ̀nù mẹ́ta fún ilé yìí, tó sì ní kí wọ́n fi 450,000 lóṣù bo ìdajì tí kì í ṣe oúnjẹ fún oṣù mẹ́fà, mílíọ̀nù méjì àti 700,000 nìyẹn. Ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà, ìyẹn 300,000 tó kù, wọ́n lè fi kọ́ òṣìṣẹ́ kan ní ìwé ìṣirò owó, kí wọ́n sì ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan. Ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò fi owó ṣòfò. Ní tèmi, ó ṣe ju ẹni tó gbé ọgọ́rùn-ún àpò ìrẹsì wá pẹ̀lú kámẹ́rà lọ.

Ohun tí àìgbọ́ra-ẹni-yé yìí ń fà burú ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Bí olùrànlọ́wọ́ bá sọ pé òun kò ní sanwó oṣù, pé oúnjẹ nìkan lòun fẹ́, ọ̀gá ilé ìtọ́jú á wá ọ̀nà tí yóò fi yè. Yóò kọ 240,000 owó oṣù sí abẹ́ "oúnjẹ". Kò jí kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ó ti parọ́ sínú ìwé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn á yẹ ìwé náà wò, á rí i pé arúgbó mẹ́wàá kò lè jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, yóò sì pariwo olè. Báyìí ni a ṣe ń sọ olóòótọ́ di opurọ́ nítorí pé a kò fẹ́ gbọ́ òtítọ́.

Wàhálà yìí wà káàkiri àgbáyé. Lọ́dún 2013, àjọ mẹ́ta tó máa ń yẹ àwọn ẹgbẹ́ aláàánú wò ní Amẹ́ríkà, tí Charity Navigator jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kọ lẹ́tà sí gbogbo olùrànlọ́wọ́ pé kí wọ́n yé fi iye tó ń lọ sí owó oṣù àti ọ́fíìsì nìkan dá ẹgbẹ́ lẹ́jọ́. Lọ́dún 2016, Ford Foundation, àjọ Amẹ́ríkà kan tó ń fún àwọn àjọ mìíràn lówó, ya bílíọ̀nù kan dọ́là sọ́tọ̀ fún ọdún márùn-ún láti fi mú àwọn àjọ tó ń bá ṣiṣẹ́ lágbára láti inú wá, kì í ṣe láti fi ṣe iṣẹ́ kan pàtó. Ìjọba Amẹ́ríkà pẹ̀lú, nínú òfin owó ìrànwọ́ wọn, gbé iye tí àjọ tí kò tí ì bá ìjọba dúnàádúrà iye tirẹ̀ lè gbà fún owó tí ń gbé àjọ ró láti ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún sí ìdá 15 ní oṣù kẹwàá ọdún 2024.

Fún ẹni tó bá ní ẹ̀sìn kò fọwọ́ sí sísan owó oṣù, ẹ wo Kùránì, Súrátù Táóbà, ẹsẹ 60. Oríṣi ènìyàn mẹ́jọ ni sàká tọ́ sí, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí sàká náà sì wà lára wọn, lẹ́yìn àwọn aláìní àti tálákà. Nínú Ìyìn Rere Lúùkù, orí kẹwàá, Jésù sọ pé ọ̀yà tọ́ sí òṣìṣẹ́. Òfin ilẹ̀ wa kò yàtọ̀. Òfin iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti ọdún 2020, tí wọ́n ń pè ní CAMA, kò gbà kí ọmọ ẹgbẹ́ pín owó ẹgbẹ́ láàárín ara wọn bí èrè, ṣùgbọ́n ó gbà kí wọ́n san owó tó tọ́ fún òṣìṣẹ́ lórí iṣẹ́ tó ṣe ní tòótọ́. Ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín owó oṣù nọ́ọ̀sì àti mọ́tò tuntun tí alága gùn jáde.

Okùn tó wà nídìí owó

Kì í ṣe gbogbo owó ìrànwọ́ ni ilé ìtọ́jú lè ná bó ṣe wù ú. Owó mìíràn wà tí wọ́n so mọ́ iṣẹ́ kan. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi gbẹ́ kànga, kò gbọdọ̀ di owó oògùn, bí arúgbó tilẹ̀ ń kú lọ lójú yín; ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé béèrè. Owó mìíràn kò ní okùn nídìí: ẹgbẹ́ náà gbà pé ẹ mọ ibi tí bàtà ti ń ta yín lẹ́sẹ̀. Èyí kejì ló ń mú ilé dúró, òun ló sì ṣọ̀wọ́n jù. Àwọn mìíràn á ní kí ará ìlú kọ́kọ́ dá iye kan, kí àwọn fi ìlọ́po rẹ̀ kún un. Mo fẹ́ràn irú èyí, nítorí pé ẹni tó ti yọ 500 náírà tirẹ̀ sílẹ̀ kò ní dákẹ́ bí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́.

Owó náà kì í sì dé lẹ́ẹ̀kan. Mílíọ̀nù mẹ́ta tí rédíò kéde lè jẹ́ mílíọ̀nù kan àti 200,000 lákọ̀ọ́kọ́, iye kan náà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, 600,000 ní ìparí. Kí ti ẹ̀ẹ̀kejì tó jáde, ilé ìtọ́jú gbọ́dọ̀ kó rìsíìtì wá, kí ó kọ ìjábọ̀, kí àṣojú ẹgbẹ́ sì wá fi ojú rẹ̀ rí i. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta lónìí, tí ẹ dé ibẹ̀ lọ́la tí ẹ kò rí àyípadà, ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni lólè. Ó ṣeé ṣe kí ìdá kan nínú rẹ̀ péré ló ti wọlé.

Ilé ìtọ́jú tó bá fẹ́ irú owó yìí gbọ́dọ̀ ní ìwé. Yóò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tó ní ìgbìmọ̀ alábòójútó. Kí wọ́n tó fún un ní ìwé ẹ̀rí, yóò kéde orúkọ àti èròńgbà rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, ẹni tó bá ní àtakò sì ní ọjọ́ 28 láti sọ ọ́. Lọ́dọọdún, láàárín ọjọ́ 30 oṣù kẹfà àti ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, yóò fi ìjábọ̀ ránṣẹ́ sí CAC. Báǹkì á tún béèrè ìwé SCUML, ẹ̀ka kan lábẹ́ EFCC tó ń ṣọ́ fífọ owó ẹ̀gbin mọ́. Òfin ọdún 2022 lórí ọ̀rọ̀ yìí kò sì gbà kí ènìyàn kan san owó tàbí gba owó tó ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ, tàbí kí iléeṣẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ohun tó ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ, láì gba ilé ìfowópamọ́ kọjá. Àpò owó tí wọ́n ń gbé kọjá lábẹ́ agbada ti di ẹ̀ṣẹ̀. Bí ilé náà bá sì ń gba ọmọdé sọ́dọ̀, ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé CAC nìkan kò tó.

Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà tó ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ mẹ́fà nínú yàrá méjì kò lè ṣe gbogbo èyí. Ọ̀nà kan wà fún wọn: kí ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí àjọ mìíràn tó ti ní ìwé gba owó náà lórúkọ wọn, kí ó tọ́jú ìṣirò rẹ̀, kí ó sì máa san án jáde bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ. Àdéhùn náà gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé, títí kan iye tí ẹni tó gba owó yóò yọ fún wàhálà rẹ̀.

Ìrànwọ́ tí kì í ṣe owó

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dá ọ̀pọ̀ owó ìrànwọ́ sí òkèèrè dúró, nígbà tó sì di ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún náà, iṣẹ́ ìrànwọ́ USAID, àjọ ìjọba náà tó ń pín irú owó yìí, ti parí. Kì í ṣe ìjọba wa ló pinnu rẹ̀, kì í ṣe àwa ará ìlú, bẹ́ẹ̀ àwọn tí wọ́n ń tọ́jú pẹ̀lú owó náà ní Nàìjíríà wà láàárín wa. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé kí ilé ìtọ́jú kankan má gbára lé orísun owó kan ṣoṣo, pàápàá èyí tó jìnnà.

Ohun tó sì kù nílùú yìí pọ̀. Àwọn àgùnbánirọ̀ ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, àwọn tó kàwé ìṣirò owó sì wà nínú wọn. Ọ̀kan nínú wọn lè tún ìwé ìṣirò ilé ìtọ́jú kan tò láàárín oṣù díẹ̀, kí ó sì kọ́ ẹni tí yóò máa bá a lọ. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì lè jókòó nínú ìgbìmọ̀ alábòójútó. Agbẹjọ́rò lè bá wọn ka àdéhùn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ẹgbẹ́ aláàánú tó mọṣẹ́ kì í gbé owó nìkan wá. Ó máa ń so irú àwọn ènìyàn yìí mọ́ ilé tó ń ràn lọ́wọ́, nítorí pé ilé tí ìwé rẹ̀ bá mọ́ lè lọ wá owó níbòmíràn nígbà tí ti àkọ́kọ́ bá tán.

Fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ilé rẹ̀, ẹ padà wo ìṣirò wa. Ìdajì tí kì í ṣe oúnjẹ jẹ́ 450,000 náírà lóṣù. Ènìyàn 225, tí kálukú ń dá 2,000, ló máa gbé e. Mọ́ṣáláṣí kan lọ́jọ́ Jímọ̀ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì kan lọ́jọ́ Ìsinmi máa ń ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá orúkọ ilé ìtọ́jú náà lórí ìkànnì CAC, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ rí i dájú pé orúkọ yẹn gan-an ló wà lórí àkáǹtì, kì í ṣe orúkọ ọ̀gá tàbí ìyàwó rẹ̀, àti pé ó kéré tán ènìyàn méjì ló ń fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Ẹ ní kí báǹkì máa yọ 2,000 náà fúnra rẹ̀ lóṣooṣù, kí ẹ sì kọ̀wé sí ilé ìtọ́jú náà pé ẹ fẹ́ rí ìṣirò owó wọn ní oṣù kìíní ọdún tó ń bọ̀, owó oṣù nọ́ọ̀sì pẹ̀lú.